Òkúta Tí Dàmọ́lá Tẹ́ Sí Ilé Ìdáná

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́, tí ẹ ń kó àwòrán ilé ìdáná olówó ńlá jọ sórí fóònù yín, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Ayọ̀dàmọ́lá ṣe fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má fi ibì kankan pamọ́ nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni Dàmọ́lá ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣakí. Mákindé ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò. Ọmọ Àgọ́-Àrẹ ni Dàmọ́lá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, Àdùkẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Èlùbọ́ ni Àdùkẹ́, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìdòwú, ń ṣe tà. Èlùbọ́ náà ló fi rán àbúrò rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun tí kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ilé tí Dàmọ́lá àti ọkọ rẹ̀ ń kọ́ ní Ṣakí ti dúró. Wọ́n ti kan òrùlé, wọ́n ti rẹ́ ẹ, iná ti wọlé. Ilé ìdáná ló kù. Nínú ilé ìdáná náà, ojú kántà ló kù, ibi tí èèyàn á máa gé ẹ̀fọ́ sí, tí á máa gbé ìkòkò kà.

"Táìsì ni ká lẹ̀ mọ́ ọn," Mákindé wí.

"Táìsì kẹ̀? Àárín rẹ̀ á máa gba epo. Kò ní pẹ́ táá fi dúdú."

"Kí bíríkìlà fi símẹ́ńtì dán an nígbà náà."

"Símẹ́ńtì á sán."

"Káfíńtà ní òun ní páńkó tó dáa."

"Páńkó tí omi á wọ̀, tí á wú bí ẹsẹ̀ aláìsàn?"

Mákindé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Treasure, kí lo wá fẹ́ gan-an?"

Ohun tó fẹ́ kò ṣeé sọ létí tíṣà. Dàmọ́lá ti wọ ilé ọ̀gá rẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n ti dúró ní ilé ìdáná tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ó fi apá lé ojú kántà, ó sì tutù bí ara àmù. Gíránáìtì ni. Odindi òkúta dúdú, ó ń dán, kò ní ojú ìsopọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Dàmọ́lá bá jókòó níbi iṣẹ́, òkúta yẹn ló ń rí. Bó bá ń bá ọkọ rẹ̀ jẹun, òun ló ń rí.

Bí ọkàn rẹ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí Ọpẹ́ dé.

Ọpẹ́ ni aṣojú àwọn agbẹ́kùúta kan tí wọ́n ń rìn káàkiri Òkè-Ògùn, tí wọ́n ń gé àpáta ní òkìtì òkìtì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ là á. Òkúta tẹ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níka, ó sì gbé e wá sí ilé ìwòsàn. Dàmọ́lá di ọgbẹ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń dúró kí ara ọkùnrin náà balẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ délẹ̀, ó sì dórí kántà.

"Ọmọ ibo lẹ jẹ́, Nọ́ọ̀sì?"

"Àgọ́-Àrẹ."

Ojú Ọpẹ́ là. "Ẹ mọ Àpáta Pẹrẹsẹ?"

"Ìdílé wa ló ni ín."

Ọpẹ́ lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú àfọ́kù òkúta kan wá, ó da omi sí i. Àwọ̀ eérú tó wà lójú òkúta náà pòórá. Ó dúdú kirikiri, ìlà funfun kan sì là á kọjá bí iṣan ara.

"Bí wọ́n bá là á, tí wọ́n dán an, bó ṣe máa rí títí ayé nìyí," Ọpẹ́ wí. "Ẹ bá wa bá àwọn àgbà yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti gbà, ẹ gbàgbé wàhálà kántà. Èmi fúnra mi ni n ó tẹ́ ẹ fún yín."

Dàmọ́lá mọ àpáta náà bí ẹní mowó. Ẹ̀yìn ilé wọn ló wà, ó tẹ́ bí ẹní. Bí ọyẹ́ bá ti dé, orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé náà àti àwọn aládùúgbò ń sá iṣu tí wọ́n ti bọ̀ sí. Iyanrìn kò sí níbẹ̀. Oòrùn á gbá iṣu lókè, ooru òkúta á gbá a nísàlẹ̀, á sì gbẹ kánkán. Olúkúlùkù ló ní ibi tirẹ̀.

"Orí rẹ̀ làwọn ìyá wa ń sá èlùbọ́ sí," ó wí.

"Etí rẹ̀ la máa fọwọ́ kàn."

"Ẹ má tàn mí, ọ̀gbẹ́ni."

Ọpẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, n ò ní tàn yín. Etí rẹ̀ ti jẹrà, kò wúlò. Ojú rẹ̀ la fẹ́. Ṣùgbọ́n àsìkò òjò la wà yìí, ta ló ń sá nǹkan? Ẹ ṣáà bá wa sọ ọ́. A máa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún agboolé yín."

Dàmọ́lá dákẹ́. Kò sẹ́ni tó yọ idà sí i. Kò sẹ́ni tó bínú sí i. Ó kàn dákẹ́, ó ń wo òkúta tútù náà, ó ń wo omi tó ń gbẹ lójú rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù kó má baà tún padà di eérú.

Ní Àgọ́-Àrẹ, gbogbo agboolé péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ládòkun, tí í ṣe mọ́gàjí wọn. Ojú bàbá kò ríran dáadáa mọ́. Ọpẹ́ sọ tirẹ̀, ó fi gẹ̀ẹ́sì lú u, bàbá sì na ọwọ́ síbi tí ohùn Dàmọ́lá wà.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Kí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe?"

"Bàbá, àwọn òkúta etí àpáta ni wọ́n fẹ́ kó. Wọ́n á sì gbẹ́ kànga fún wa."

Àdùkẹ́ wà lórí ẹní lẹ́yìn, òun àti Àdìjátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń sá èlùbọ́. "Dàmọ́lá," ó wí, "wọn ò ní fọwọ́ kan ojú rẹ̀, àbí?"

"Wọn ò ní fọwọ́ kàn án, Ìyá Ìdòwú."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo lè tàn yín ni?"

Àdùkẹ́ yíjú sí mọ́gàjí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é, Bàbá. Bí Dàmọ́lá bá ti sọ ọ́, ó parí."

Àwọn agbẹ́kùúta dé, wọ́n fi páànù yí àpáta náà ká, wọ́n ní kí nǹkan má baà ta bá ẹnikẹ́ni. Ariwo ẹ̀rọ gba gbogbo àdúgbò. Àdùkẹ́ tẹ Dàmọ́lá láago.

"Dàmọ́lá, ilé ń mì o. Ṣé etí àpáta nìkan ló ń pariwo báyìí?"

"Ẹ fara dà á, Ìyá Ìdòwú. Wọn ò ní pẹ́ parí."

Kò pẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ kan já òkúta dídán sẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun ní Ṣakí. Ọkùnrin púpọ̀ ló gbé e wọlé. Mákindé dúró, ẹnu yà á.

"Níbo nìyí ti wá?"

"Ẹnì kan tí mo tọ́jú ló fi ta mí lọ́rẹ."

"Ọrẹ tó tó báyìí?"

"Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ rere ni mò ń ṣe ni?"

Mákindé gbàgbọ́. Ọkùnrin tí kò bá purọ́ kì í tètè gbọ́ òórùn irọ́. Dàmọ́lá mú aṣọ tútù, ó nu òkúta náà, ó tún un nù. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò rántí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, pé inú òun dùn débi pé òun ń kọrin.

Ọyẹ́ dé. Àwọn agbẹ́kùúta ká páànù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn obìnrin bẹ iṣu, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n rù ú lọ sí àpáta.

Aago Dàmọ́lá dún.

"Dàmọ́lá." Àdùkẹ́ ló ń pè. "Kò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé ojú rẹ̀ kúrò. Kòtò ló kù. Kòtò ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀."

Àkókò nìyí tó yẹ kó jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Wọ́n tàn wá," ó wí. "Èmi náà ò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀," Àdùkẹ́ dá a lóhùn. "Má dára rẹ lẹ́bi."

Ẹ ò rí i? Ẹni tí wọ́n ṣe níbi ló tún ń tu aṣebi nínú.

Kànga tí wọ́n ṣèlérí, wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀, wọn ò rí omi, wọ́n fi òkúta bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ilé náà pe Ọpẹ́, aago rẹ̀ kò lọ mọ́.

Àdùkẹ́ tẹ́ ọ̀rá tapólì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ gùn ún, iyanrìn wọ iṣu, iṣu kò gbẹ bó ṣe yẹ, ó sì bu. Àwọn oníbàárà tó ń wá láti Ìbàdàn fi imú gbọ́ ọ, wọ́n mi orí, wọ́n lọ. Ni òun àti Àdìjátù àti àwọn yòókù bá kó iṣu lọ sí etí títì ọlọ́dà, nítorí ọ̀dà náà máa ń gbóná bí òkúta.

"Ìyá Ìdòwú, ojú títì léwu o," Dàmọ́lá sọ fún un.

"Kí ni kí n ṣe? Iṣu ò dúró de ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ kan, Àdùkẹ́ wá wo ilé tuntun. Ó gbé igbá èlùbọ́ lọ́wọ́, díẹ̀ nínú èyí tó ṣẹ́ kù láti ọdún tó kọjá. Dàmọ́lá sáré jáde sí i. Ó fà á sí pálọ̀, ó tan ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un.

"Jẹ́ kí n gbé èlùbọ́ yìí sí ilé ìdáná ná," Àdùkẹ́ wí.

"Ẹ mú un wá, màá gbé e—"

"Ṣé mi ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó wọlé. Ó gbé igbá lé kántà. Èlùbọ́ díẹ̀ dànù, ó sì fa aṣọ tútù, ó nù ún. Bí omi ṣe kan òkúta náà, ìlà funfun yẹn yọ kedere. Àdùkẹ́ dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e, ó ń tọ ìlà náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé ìparí, níbi tó ti ya bí ẹsẹ̀ adìẹ.

Dàmọ́lá ti tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó tutù," Àdùkẹ́ wí. "Níbo lẹ ti rí i?"

"Ìbàdàn. Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá."

"Ìbàdàn." Àdùkẹ́ ká aṣọ náà, ó tẹ́ ẹ sétí. "Ó dára. Ẹ ó fi ẹ̀mí gígùn lò ó."

Kò jẹun. Ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun. Dàmọ́lá sin ín dé ojú ọ̀nà, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò mọ̀, kò lè mọ̀, òkúta jọra.

Ọyẹ́ ọdún náà ṣú bí èéfín. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí títì, ó ń yí iṣu padà. Ọkọ̀ kan tó ń sá fún kòtò ojú títì yà, ó sì gbá a.

Ẹnu iṣẹ́ ni Dàmọ́lá wà nígbà tí wọ́n gbé aláìsàn kan wọlé, ìyẹ̀fun iṣu lójú, ìyẹ̀fun iṣu nínú irun, ẹ̀jẹ̀ lára ìró. Ó kọ́kọ́ mú sísọ́ọ̀sì láti gé aṣọ náà kó tó mọ aṣọ ẹni tó jẹ́.

"Ìyá Ìdòwú! Ẹ̀gbọ́n mi!"

Àdùkẹ́ la ojú. Ó wò ó.

"Ẹ bá mi kó iṣu náà," ó wí, "kí ìrì tó sẹ̀ sí i."

Dàmọ́lá tẹ̀ síwájú, ó fẹ́ sọ ọ́. Ó fẹ́ sọ pé, "Èmi ni. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Dókítà tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí dókítà fi máa yí padà, Àdùkẹ́ ti lọ.

Wọ́n sin ín sí Àgọ́-Àrẹ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará ilé wá bá Dàmọ́lá kẹ́dùn ní Ṣakí, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé òun ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ jù. Àwọn obìnrin wọ ilé ìdáná láti se oúnjẹ àwọn àlejò. Àdìjátù wà lára wọn. Kò bá wọn bu omi, kò bá wọn gé àlùbọ́sà. Ó dúró síwájú kántà, ó ń wò ó.

Ó bu omi síbẹ̀, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.

"Ẹ̀yin ìyá," ó wí, "ẹ wá fi ọwọ́ kan ibí."

Wọ́n yí i ká. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ kàn án, ó sì fà á sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Ìlà wo nìyí?"

"Ààlà èmi àti Àdùkẹ́ ni," Àdìjátù wí. "Ọ̀tún ni èmi ń sá tèmi sí. Òsì ni tirẹ̀. Ẹsẹ̀ adìẹ ìparí rẹ̀ nìyí, ibi tí a ti máa ń jókòó jẹ̀kọ."

Mákindé ti gbọ́ ariwo, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dàmọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Treasure," Mákindé wí, "o ní ẹnì kan ló fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ta ni?"

Dàmọ́lá yíjú kúrò.

"Mo bi ọ́, ta ni?"

"Wọ́n tàn mí," Dàmọ́lá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbọ́, wọ́n tan èmi náà—"

"Má parí ẹ̀." Àdìjátù kò pariwo. "Àdùkẹ́ mọ̀. Ọjọ́ tó ti ibí dé ló ti sọ fún mi. Mo ní ká lọ sọ fún mọ́gàjí, ó ní rárá. Ó ní, 'Èmi ni mo tọ́ ọ, Àdìjátù. Bí wọ́n bá bú u, èmi ni wọ́n bú. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, má sọ ọ́ jáde.'" Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Kò sí láàyè mọ́."

Kò sẹ́ni tó gbé Dàmọ́lá ṣépè. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n ṣépè. Àwọn obìnrin náà kó ìkòkò tí wọ́n gbé wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde. Ẹran wà nínú omi, àlùbọ́sà wà lójú òkúta, àwọn àlejò sì wà ní pálọ̀ láìsí ẹni tí yóò fún wọn lóúnjẹ.

Bàbá Ládòkun ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní Dàmọ́lá ò gbọdọ̀ tún bá ìdílé sọ̀rọ̀ lórúkọ ìdílé mọ́, ó ní kó máa bá tirẹ̀ lọ ní Ṣakí.

Dàmọ́lá pe bíríkìlà kó wá fọ́ kántà náà. Mákindé dá ọkùnrin náà padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Bó bá fọ́ ọ, ṣé ojú àpáta yẹn á hù padà ni? Fi sílẹ̀. Máa wò ó."

Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Wọn kì í dáná níbẹ̀. Mákindé ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tó bá sè lórí sítóòfù lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n bí Dàmọ́lá bá sọ nǹkan fún un, ó máa ń lọ bi ẹlòmíràn bóyá òótọ́ ni. Òjò ti kún kòtò tó wà ní Àgọ́-Àrẹ, ẹ̀fọn ló ń pọ̀ níbẹ̀. Àdìjátù ti lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Ìsẹ́yìn. Àwọn tó kù kò ṣe èlùbọ́ mọ́. Iṣu tútù ni wọ́n ń tà fáwọn tó bá kọ́kọ́ dé, ní iye tí wọ́n bá pè.

Èmi ò sọ pé kí ẹ má fẹ́ nǹkan tó dára sílé yín. Ẹ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ẹ ní láti dákẹ́ kí ẹ tó lè rí i gbà, ẹ lẹ táìsì.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé kò lọ tọrọ àforíjì ni? Ó lọ. Ìdòwú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù fún Àdùkẹ́ nínú àwọn ọmọ tó bí, ló lọ bá ní Àgọ́-Àrẹ. Ìdòwú kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un mu nínú ife. Dàmọ́lá kọ àga, ó kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kódà èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ká mọ́ ọn lọ́wọ́: pé Ọpẹ́ ti sọ òtítọ́ fún òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé òun mọ̀ kóun tó lọ bá mọ́gàjí.

Ìdòwú gbọ́ ọ tán. Kò sunkún.

"Ọmọ mi, bú mi," Dàmọ́lá wí. "Sọ nǹkan kan sí mi."

"Ìyá mi ò kọ́ mi pé kí n máa bú àgbà."

"Dárí jì mí, nígbà náà."

Ìdòwú wo ojú ọ̀nà. Láti kékeré, "Màmá Ṣakí" ló máa ń pe Dàmọ́lá. Bó bá ti gbóhùn rẹ̀, á sáré pàdé rẹ̀ lọ́nà, á gba ẹrù lórí rẹ̀.

"Ẹ dìde nílẹ̀, Nọ́ọ̀sì," ó wí. "Ẹ mu omi yín. Ọkọ̀ Ṣakí kì í pẹ́ tán níbí."